Búlówà AC ọkọ̀ mi jó rẹsísítọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: bí mo ṣe wá ìdí ẹ̀ títí mo fi rí i

Ẹ jẹ́ n kọ eléyìí sílẹ̀ kí n tó gbàgbé àwọn nọ́ḿbà tí mo kà lójú mítà, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì máa bá irú ẹ̀ pàdé, á ra rẹsísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dín iná kù fún búlówà, ìyẹn fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn AC jáde), á jó, á tún ra òmíì, á wá máa rò pé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún òun. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Súwíìṣì fáànù ọkọ̀ mi ní nọ́ḿbà mẹ́rin, 1 dé 4. Lọ́jọ́ kan mo tan AC, mo fi sí 2, kò fẹ́. Mo fi sí 3, kò fẹ́. Mo gbé e dé 4, atẹ́gùn ya bò mí lójú pẹ̀lú ariwo. Mo dá a padà sí 3, ó dákẹ́ lọ gbári. Ẹni tó bá ti tún irú ẹ̀ ṣe rí ti mọ̀ pé rẹsísítọ̀ nìyẹn, mo lọ ra tuntun, mo pààrọ̀ ẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú, gbogbo nọ́ḿbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, inú mi dùn. Oṣù méjì ò pé, ó tún ṣe ohun kan náà, 4 nìkan ló ń fẹ́. Ohun tó wá yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé tí mo bá fi sí 4 fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo máa ń gbọ́ òórùn ike tó ń jó, díẹ̀díẹ̀, láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Òórùn yẹn ló dẹ́rù bà mí. Tí AC ò bá ṣiṣẹ́, èèyàn á ṣí gíláàsì, ó tán. Àmọ́ tí òjò bá ń rọ̀ tí gíláàsì iwájú kún fún ìrì, búlówà yìí nìkan ló lè jẹ́ kó o ríran, o ò dẹ̀ lè máa lo ohun tó ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì ẹ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti ṣe iṣẹ́ rewáyà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, rẹsísítọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti tún jó o." Wọn ò bi mí níbi tí mo ti rà á. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Amp mélòó ni búlówà yẹn ń fà?" Mo ní mi ò wọ̀n ọ́n. Wọ́n ní, "Má ra nǹkan kan mọ́ o, lọ wọ̀n ọ́n ná." Inú ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí ti jáde.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Búlówà kan náà ló ń fẹ́ híítà tó tún ń fẹ́ AC. Atẹ́gùn ẹ̀ máa gba ara evaporator, apá AC tó máa ń tutù, kọjá kó lè tutù, tàbí kó gba ara rédíétọ̀ kékeré ti híítà kọjá kó lè gbóná. Nítorí náà tí atẹ́gùn bá ń jáde dáadáa àmọ́ tí kò tutù tàbí tí kò gbóná, fi búlówà sílẹ̀ o, kò ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí atẹ́gùn fúnra ẹ̀ ò bá jáde, tàbí tó ń jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ni ọ̀rọ̀ di ti búlówà.

Ọkọ̀ tó bá ń lo súwíìṣì oní nọ́ḿbà bíi tèmi, rẹsísítọ̀ ló ń dín iná kù fún búlówà. Ó jẹ́ wáyà róbótó-róbótó mélòó kan tí wọ́n ká bíi sípíríìnì sórí pátákó kékeré. Nọ́ḿbà 1, iná á gba gbogbo wọn kọjá. Nọ́ḿbà 2, á gba díẹ̀. Nọ́ḿbà 3, á gba èyí tó kéré jù. Nọ́ḿbà 4 ò gba ìkankan, tààrà ló ń lọ, ìdí nìyẹn tí 4 fi máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí rẹsísítọ̀ bá ti kú. Àwọn ọkọ̀ tí AC wọn ń dá ara ẹ̀ yí ò ní irú èyí o, módùù kan ni wọ́n ń lò tó ń ṣẹ́ iná tó tún ń tàn án léraléra ní kíákíá, tiẹ̀ tún ní bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mò ń sọ níbí ò kàn án púpọ̀.

Iná tí rẹsísítọ̀ bá gbà lọ́wọ́ búlówà, ooru ló ń sọ ọ́ dà. Tèmi, láti òpin kan dé òpin kejì, 2.5 ohm. Tí búlówà bá ń fa 4 amp ní nọ́ḿbà 1, volt tó ń sọnù lórí rẹsísítọ̀ jẹ́ 10, èyí tó já sí 40 watt ooru. 40 watt yẹn, sọ́dárìn áyọ́ọ̀nù kékeré, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé sójú wáyà, nìyẹn gan-an. Kí ló wá dé tí kò fi jó? Torí inú ọ̀nà atẹ́gùn ni wọ́n gbé e sí. Búlówà fúnra ẹ̀ ló ń fẹ́ ẹ sí i kó lè tutù. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí: tí búlówà bá wúwo láti yí, tó ń lọ́ra, á máa fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn tó yẹ kó fi tu rẹsísítọ̀ nínú á dẹ̀ kéré sí i. Tó bá wá há pátápátá, ooru orí rẹsísítọ̀ yẹn lè kọjá 50 watt, kò sì ní sí atẹ́gùn kankan tó máa kàn án lára.

Torí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi fíùsì ooru sórí ẹ̀, ohun kékeré kan báyìí tó máa já tí ibẹ̀ bá gbóná ju, kó má bàa di iná. Tó bá ti já, 1, 2, 3 ti kú nìyẹn.

Sátidé, àárọ̀

Fíùsì inú àpótí ni mo kọ́kọ́ lọ wò, mo mọ̀ pé kò tíì já torí 4 ṣì ń fẹ́, mo kàn fẹ́ rí ojú ẹ̀ ni. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wò ó. Ara ìdérí àpótí fíùsì, 30 ni wọ́n kọ síwájú búlówà. Aláwọ̀ ewé ló máa ń jẹ́ fíùsì 30. Èyí tí mo bá níbẹ̀, àwọ̀ ọsàn ni, 40 ni wọ́n kọ sí i lórí. Èmi kọ́ ni mo fi síbẹ̀, ẹnì kan ló fi í síbẹ̀ kí ọkọ̀ yìí tó dé ọwọ́ mi. Mo jókòó sílẹ̀, mo rò ó: kò sẹ́ni tó máa ń ṣàdédé gbé 40 sí ipò 30. Fíùsì 30 ti ní láti máa já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ìyẹn ni pé búlówà yìí ti ń jẹ iná àjẹjù tipẹ́tipẹ́, fíùsì ń pariwo, wọ́n wá fi ohun tí kò ní pariwo rọ́pò ẹ̀. Fíùsì, wáyà ló ń ṣọ́. Tó o bá fi èyí tó tóbi síbẹ̀, wáyà ló máa di fíùsì, inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló dẹ̀ máa ti jó.

Mo pààrọ̀ rìléè, súwíìṣì tó ń fi iná kékeré tan iná ńlá, pẹ̀lú ìkejì ẹ̀ tó jọ ọ́ nínú àpótí kan náà, kò sí ìyàtọ̀. Mo kọjá lórí ìyẹn.

Ó wá kan wíwọ̀n. Ẹ gbọ́ o, mítà tó wọ́pọ̀ ní ihò 10 amp, ẹ má fi wọn búlówà láéláé, fíùsì inú mítà á já lójú ẹsẹ̀. Mítà tó ní ẹnu bí èèkánná alákàn, tó máa ń gbá wáyà mọ́ àárín, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè ka iná bátìrì, torí òmíì wà tó jẹ́ iná ilé nìkan ló mọ̀ ọ́n kà. Mo yá ti ẹ̀gbọ́n. Mo tan ẹ́ńjìnnì, mo gbé súwíìṣì sí 4, mo gbá wáyà búlówà mọ́ àárín: 24 amp.

24. Nígbà yẹn mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn pọ̀ àbí kò pọ̀, mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo wọn volt. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n á yọ kọnẹ́tọ̀, wọ́n á fi mítà sí i, wọ́n á rí 12 volt, wọ́n á ní iná ti dé, kò síṣòro. Ìwọ̀n yẹn ò sọ nǹkan kan fún ẹ. Wáyà tó ti jẹ tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo á ṣì fi 12 volt hàn ẹ́ tí nǹkan kan ò bá fa iná nínú ẹ̀. Ìgbà tí búlówà bá ń yí ní 4, tí iná ń ṣàn dáadáa, ni ibi tó ń dùn ún máa ń jẹ́wọ́. Nítorí náà mi ò yọ kọnẹ́tọ̀ kankan, ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo ti fi abẹ́rẹ́ mítà gún un, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, níbi tí wáyà gbà wọlé.

Lórí bátìrì, 14.1 volt. Lójú búlówà, 11.7. Ìyẹn jẹ́ pé 2.4 volt ń sọnù lójú ọ̀nà, mo wá ń wá ibi tó ń lọ. Mo fi abẹ́rẹ́ kan sórí pọ́sítífù bátìrì, èkejì sórí pínnì pọ́sítífù búlówà, 0.4. Ìyẹn ò burú púpọ̀. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, láti pínnì nẹ́gẹ́tífù búlówà dé nẹ́gẹ́tífù bátìrì: 2.0 volt! Nínú ọkọ̀ tèmi, apá ẹ́ẹ̀tì (ẹ̀gbẹ́ nẹ́gẹ́tífù) ni rẹsísítọ̀ àti súwíìṣì wà, iná á ti kọjá nínú búlówà kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ wo àwòrán wáyà ọkọ̀ tiyín kí ẹ tó wọ̀n ọ́n torí òmíì yàtọ̀. Mo ń tẹ̀lé e lọ ní ìdákọ̀ọ̀kan títí mo fi dé kọnẹ́tọ̀ rẹsísítọ̀. Pínnì kan wà níbẹ̀ tí gbogbo iná búlówà ń gbà kọjá, kódà ní nọ́ḿbà 4. Mo fi abẹ́rẹ́ kan sí iwájú pínnì yẹn, mo fi ìkejì sí ẹ̀yìn ẹ̀. 1.5 volt.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. 1.5 volt lọ́nà 24 amp, 36 watt. Lójú pínnì kan ṣoṣo, tí kò fẹ̀ tó èékánná ọmọdé, tí wọ́n fi ike yí ká. Sọ́dárìn áyọ́ọ̀nù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, bíi pé ẹnì kan ń ti ọ̀kan bọ inú kọnẹ́tọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá fi sí 4. Mo ti rí ibi tí òórùn yẹn ti ń wá.

Sátidé, ọ̀sán

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yọ nẹ́gẹ́tífù bátìrì, mo dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, torí airbag ti ẹni tó ń jókòó ní ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ wà lókè ibẹ̀, mi ò fẹ́ àwàdà pẹ̀lú ẹ̀. Àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó yẹn ni mo yọ, èyí tí wọ́n máa ń kó ìwé ọkọ̀ sí, sukúrúù mẹ́rin àti ìkọ́ méjì ló dì í mú.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí fílítà atẹ́gùn. Dúdú ni, ewé gbígbẹ kún inú ẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ò gba inú ẹ̀ kọjá rárá. Fílítà tó bá dí báyìí ń dín atẹ́gùn tó yẹ kó tu rẹsísítọ̀ nínú kù ni, AC náà ò sì ní tutù dáadáa, kódà evaporator lè di yìnyín torí pé atẹ́gùn ò kọjá lára ẹ̀ tó. Mo jù ú nù.

Mo wá yọ kọnẹ́tọ̀ rẹsísítọ̀. Kò fẹ́ jáde, ó ti yọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó jáde, igun kan ike yẹn ti di àwọ̀ ilẹ̀, ó ti wú, ó sì ń rún tí mo bá fi èékánná kàn án. Pínnì inú ẹ̀ tó yẹ kó máa fún ìkejì ẹ̀ mú bíi pé ó ń gé e jẹ ti ṣí ẹnu sílẹ̀. Irin tí ooru bá ti bà jẹ́ kì í ní agbára láti di nǹkan mú mọ́. Ẹnu ẹ̀ á tú, kò ní fọwọ́ kan ìkejì ẹ̀ dáadáa, ìyẹn á mú kó gbóná sí i, tó bá gbóná, á tún tú sí i. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí á fi yọ́. Rántí pé kọnẹ́tọ̀ yìí kan náà ni mo ti rẹsísítọ̀ tuntun bọ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn, mi ò wo inú ẹ̀ nígbà yẹn.

Rẹsísítọ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Àwọn wáyà róbótó yẹn wà pérépéré, mítà kà wọ́n dáadáa. Fíùsì ooru ló já. Ohun kékeré yẹn ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fi wáyà so ó kọjá kí nọ́ḿbà 1 dé 3 lè padà, wọ́n á ní àwọn ti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é sínú ọkọ̀ yín. Ní 2015, Vauxhall pe ọkọ̀ Zafira B tó lé ní 200,000 padà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí iná tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi híítà, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ka sí ni fíùsì ooru rẹsísítọ̀ táwọn èèyàn ti tún ṣe lọ́nà tí kò tọ́. Nígbà tó di 2016 wọ́n tún pè wọ́n padà, torí wọ́n ti rí i pé omi lè ba búlówà jẹ́, kó dípẹtà, kó má yí geere mọ́, kí rẹsísítọ̀ wá máa gbóná lágbóńjù. Ọkọ̀ tèmi kì í ṣe irú ẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ omi yẹn, mo dìde, mo lọ tú búlówà.

Sukúrúù mẹ́ta péré. Ó jábọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi ìka gbá fáànù rẹ̀ kó yí. Búlówà tó bá wà dáadáa, tó o bá gbá a, á yí lọ yíká-yíká kó tó dúró. Tèmi yí ìdajì, ó dúró. Mo tún gbá a, ó dún "kíkiì", ó dúró. Mo dojú ẹ̀ dé. Lára irin abẹ́ ẹ̀, ìlà ìpẹtà kan wà tó yí i po, ó dọ́gba bíi pé wọ́n fi rúlà fà á. Ìlà omi ni. Omi ti dúró síbẹ̀ rí, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan, torí ìlà mìíràn tó ṣá díẹ̀ wà lókè ẹ̀. Bọ́ọ̀ṣì tí ọ̀pá àárín ẹ̀ ń yí nínú ẹ̀ ti gbẹ, eruku pupa ń jáde lẹ́nu ẹ̀.

Kò ṣòro mọ́ láti rí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Omi wọlé, bọ́ọ̀ṣì dípẹtà, búlówà wúwo. Ó wúwo, ó ń fa 24 amp. Fíùsì 30 ń já, wọ́n fi 40 sí i. Pínnì gbóná, ó tú, ó yọ́. Rẹsísítọ̀ ń gbóná ní nọ́ḿbà kékeré, fíùsì ooru ẹ̀ já, ẹ̀ẹ̀mejì. Èmi dẹ̀ ń ra rẹsísítọ̀.

Mo gbìyànjú àtúnṣe olówó kékeré ná, kí n má parọ́ fún yín. Mo fi epo kán sí bọ́ọ̀ṣì, mo yí i lọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, mo fún un ní iná bátìrì lórí tábìlì, ó ń yí geere, kò pariwo. Mo dá a padà sọ́kọ̀ láti wọ̀n ọ́n, 21 amp. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, ariwo yẹn ti padà. Bọ́ọ̀ṣì irú èyí, irin tó mu epo sínú láti ilé iṣẹ́ ni, epo tirẹ̀ ló ń fi ń yí, epo ṣínṣín tí a ń fọ́n sí i máa ń fọ èyí tó kù nínú ẹ̀ dànù ni. Tó bá ti dípẹtà, ó ti parí. Mo tún wo káábọ̀ọ̀nù ẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ apá tó ń yí nínú ẹ̀, ó kù tín-ín-rín. Ẹ ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbá abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù pẹ̀lú ẹsẹ̀ ni fáànù máa tó yí? Káábọ̀ọ̀nù tó ti tán ló máa ń fa ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀

Mi ò fẹ́ fi búlówà tuntun sínú omi, nítorí náà mo wá ibi tí omi ń gbà kí n tó ra ohunkóhun. Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ gíláàsì iwájú, níbi tí wáípà wà, ike gbọọrọ kan wà tó ní ihò wẹ́wẹ́, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ìta ń gbà wọ búlówà, ibẹ̀ náà ni omi òjò ń gbà ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kó lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn táyà. Mo da omi síbẹ̀ pẹ̀lú ife, mo lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ. Mo tún da ife mẹ́ta. Ilẹ̀ ṣì gbẹ. Mo yọ wáípà, mo yọ ike náà, ohun tí mo bá lábẹ́ ẹ̀: ewé tó ti jẹrà tó di ẹrẹ̀ dúdú, ó dí ihò tí omi ń gbà jáde pátápátá, omi tí mo dà sì dúró síbẹ̀, ó ga débi ètè ihò atẹ́gùn búlówà. Ó ku bí ìbú ìka kan kó ṣàn wọlé. Òjò tó bá pọ̀ díẹ̀, inú búlówà tààrà ni.

Mo fọwọ́ kó ẹrẹ̀ yẹn, ó kún korobá kékeré kan dé ìdajì, mo fi wáyà rírọ̀ ti èyí tó kù nínú ihò, mo da omi sí i, ó dún gbuuru, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn táyà. Mo tún wo páìpù kékeré tó ń tú omi evaporator jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ìyẹn mọ́. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí AC ń ṣiṣẹ́, ohun rere ni o, ìgbà tí kò bá kán mọ́ tí kápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ wá ń rin ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Sátidé kejì

Búlówà tuntun, rẹsísítọ̀ tuntun, fílítà tuntun, fíùsì 30 aláwọ̀ ewé. Àti kọnẹ́tọ̀ tuntun tó ti ní wáyà tiẹ̀ lára, èyí ló gba àkókò jù. Mo gé ti àtijọ́ kúrò, mo gé e sẹ́yìn dé ibi tí bàbà inú wáyà ṣì ń dán, torí nítòsí kọnẹ́tọ̀, bàbà ti dúdú, ooru ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tó o lè so mọ́ dúdú tó máa pẹ́. Wáyà kan gùn, èkejì kúrú díẹ̀, kí àwọn oríkèé wọn má bàa wà lójú kan náà kí wọ́n wá kó jọ di kókó ńlá tó máa gbóná. Mo ki rọ́bà tó máa ń fún tí ooru bá kàn án sórí wáyà kọ̀ọ̀kan KÍ n tó so ó, mo ti gbàgbé ìyẹn nínú iṣẹ́ mìíràn rí tí mo ní láti tú gbogbo ẹ̀ padà. Mo fi irin olóríkèé so wọ́n, mo fi pílíásì tiẹ̀ fún un pa, mo fà á tagbáratagbára, kò mira. Wáyà tí wọ́n kàn lọ́ mọ́ra tí wọ́n fi tépù wé, fún gílóòbù kékeré ó lè ṣe é, fún ohun tó ń fa 17, 20 amp lójoojúmọ́, pínnì yíyọ́ míì ni wọ́n ń ṣe ọjọ́ iwájú ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, 17. Nígbà tí mo so gbogbo ẹ̀ padà, mo tan ẹ́ńjìnnì, mo fi sí 4, mo gbá wáyà mọ́ àárín mítà: 17 amp. Búlówà àtijọ́ ń fa 24 níbi tó ti ń gba 11.7 volt péré, tuntun ń fa 17, volt tó dẹ̀ dé ojú ẹ̀ jẹ́ 13.6. Atẹ́gùn tó ń jáde yàtọ̀ pátápátá, mo ti gbàgbé pé ọkọ̀ yìí lè fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ḿbà 1, 4 amp. 2, 7 amp. 3, 11. Lójú pínnì tó ń jẹ 1.5 volt tẹ́lẹ̀, 0.04 ni mo kà. Ẹ ṣírò ìyẹn náà, kò tó watt kan.

Mo jẹ́ kó fẹ́ ní 4 fún ogún ìṣẹ́jú, mo wá na ọwọ́ wọ abẹ́, mo di kọnẹ́tọ̀ mú. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dì í mú títí mo fi ka ọgbọ̀n.

Mo pe ẹ̀gbọ́n láti dá mítà wọn padà. Wọ́n ní, "Mélòó ló wá ń fà?" Mo ní 17, sà. Wọ́n ní kí n da omi síbi wáípà lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dé ike padà, mo ní mo ti dà á, wọ́n ní kí n tún dà á. Mo tún dà á. Ó bọ́ sílẹ̀.

Òjò ńlá kan ti rọ̀ láti ìgbà yẹn, láti alẹ́ mọ́jú. Láàárọ̀, mo yọ àpótí ìwé ọkọ̀, mo na ìka lọ sí abẹ́ búlówà, mo fi nu gbogbo ìdí ẹ̀ yíká. Eruku díẹ̀ ló wá mọ́ mi lọ́wọ́, gbígbẹ.